Ọjọ́ Méjìlá Tí Òfin Fún Òṣìṣẹ́ Tó Ń Ṣàìsàn

  

Ọ̀rọ̀ kan ń rìn kiri lẹ́nu àwọn èèyàn, mo sì fẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò lónìí. Wọ́n ní ilé iṣẹ́ tàbí ilé ìtajà tí kì í sanwó fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí àìsàn bá gbé e ṣánlẹ̀, kí àwa oníbàárà má bá a ṣòwò mọ́. Ká má ra búrẹ́dì wọn, ká má jẹun níbẹ̀, ká má gbé mọ́tò wa wọ ilé epo wọn. Ṣé ó yẹ bẹ́ẹ̀? Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn, mo sì mọ ibi tí mo dúró sí. Ṣùgbọ́n ká tó débẹ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn gan-an.

Ẹni tó bá dúró sí Bándárì ní Ajégúnlẹ̀, l'Ékòó, láàárín aago márùn-ún sí mẹ́fà ìdájí á rí wọn. Èrò yẹn kì í tán. Àwọn tó ń lọ sí wáàfù ń bẹ níbẹ̀, àwọn tó ń lọ sí ilé ìyẹ̀fun àti ilé ṣúgà, àwọn tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì ní Wharf Road àti Liverpool Road, àwọn bàbá tó ń ṣọ́ géètì, àwọn ọmọbìnrin tó ń gbé àwo oúnjẹ ní Creek Road. Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n ń sùn, Àpápá ni wọ́n ti ń wá oúnjẹ òòjọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí wáàfù Àpápá ní 1926 ni ìrìn yẹn ti ń bá a bọ̀, Ìlàjẹ àti Ìjọ́, Urhobo àti Ìgbò, Hausa àti àwa Yorùbá, gbogbo wa la jọ ń rìn ín.

Nínú èrò yẹn, kò sí àárọ̀ kan tí ẹni tí ibà ń bá jà kò ní sí níbẹ̀. Ó ti ra oògùn ní kẹ́mísìtì lálẹ́ àná, ó ti mu àgbo, ojú rẹ̀ pọ́n, orí ń fọ́ ọ, síbẹ̀ ó ń lọ. Kì í ṣe pé ara rẹ̀ gbà á. Ó mọ̀ pé ọjọ́ tí òun kò bá fojú hàn, kò sówó ọjọ́ náà. Bó bá di ọjọ́ kẹta, kọ́ńtírákítọ̀ á ti fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí òfin sọ, nítorí ọ̀pọ̀ wa rò pé òfin kò sọ nǹkan kan. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, tí wọ́n ń pè ní Labour Act, ti wà láti 1974. Abala 16 rẹ̀ kò ṣòro láti lóye rárá. Ó ní òṣìṣẹ́ tí àìsàn bá dá dúró sílé fún ìgbà díẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ sí owó iṣẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ iṣẹ́ tó tó méjìlá láàárín ọdún kan, bí dókítà tó ní ìwé àṣẹ bá ti jẹ́rìí sí i pé ara rẹ̀ kò yá. Ọjọ́ méjìlá. Kì í ṣe àánú ọ̀gá, kì í ṣe ẹ̀bùn ọdún, ẹ̀tọ́ ni. Òṣìṣẹ́ tí òfin náà ń sọ ni ẹni tó ń fi agbára ṣiṣẹ́ àti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé. Kò kan máníjà àtàwọn ọ̀gá ńlá. Ẹ ò rí i pé nítorí àwọn èrò Bándárì gan-an ni wọ́n ṣe kọ ọ́.

Abala 7 náà wà ńbẹ̀. Ó ní kó tó pé oṣù mẹ́ta tí ọ̀gá gba èèyàn síṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé tí àdéhùn iṣẹ́ náà wà nínú rẹ̀: irú iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe, iye owó rẹ̀ àti ìgbà tí wọ́n á máa san án, wákàtí iṣẹ́, ìsinmi, àti bí wọ́n á ṣe ṣe owó rẹ̀ bí àìsàn tàbí ìfarapa bá dé. Nínú àwọn tó ń kọjá ní Bándárì láàárọ̀, mélòó ló ní ìwé yẹn nílé? Kásúà ni wọ́n ń pè wọ́n. Èèyàn á ṣe kásúà títí ọmọ tó bí sẹ́nu iṣẹ́ náà á fi wọ ilé ìwé. Abẹ́ kọ́ńtírákítọ̀ ló wà, orúkọ kọ́ńtírákítọ̀ náà kò sì sí lára géètì ilé iṣẹ́ tó ń wọ̀ lójoojúmọ́. Bí ẹ bá bi ilé iṣẹ́ léèrè, á ní òun kọ́ lòun gbà á síṣẹ́. Bí ẹ bá bi kọ́ńtírákítọ̀, á ní iye tí ilé iṣẹ́ ń san fún òun kò gba owó àìsàn. Àwọn méjèèjì ń ti ọ̀rọ̀ síra wọn, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún wọn ń gbọ̀n nínú ibà.

Ẹ ó wá bi mí pé, kí ni ìjìyà ọ̀gá tó bá tẹ òfin náà mọ́lẹ̀? 800 náírà. Owó ìtanràn tí òfin náà kọ sílẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ ju 800 náírà lọ. Bó bá tún un ṣe, kò gbọdọ̀ ju 1,500 náírà. Nígbà tí wọ́n kọ ọ́, owó tó ń dunni ni. Lónìí, kò ra odidi búrẹ́dì ńlá kan. Inú ń bí mi sí èyí ju gbogbo ohun yòókù tí mo fẹ́ sọ lọ. Láti 1999 ni a ti ń dìbò yan àwọn aṣòfin, wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀, owó oṣù tiwọn ń gòkè, àwọn náà ń lọ tọ́jú ara wọn lókè òkun, iye tó wà nínú ìwé yẹn kò yí padà. Ọ̀gá tó bá ṣírò ohun tó máa ná an láti pa òfin mọ́, tó tún ṣírò ohun tó máa ná an láti rú u, ó ti mọ èyí tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń sọ pé kí oníbàárà bọ́ sí i. Bí ìjọba kò bá lè mú un ní ibi tó máa dùn ún, wọ́n ní kí àwa mú un nínú àpò.

Àwọn kan á ní, ṣebí NSITF wà? Ṣebí Ìlera Èkó wà? Ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Owó NSITF, tí òfin 2010 ní kí àwọn agbanisíṣẹ́ máa fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́ dá sí, wà fún ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ tàbí tí iṣẹ́ náà bá kó àrùn ràn án. Bí àpò ìyẹ̀fun bá já lu èèyàn lẹ́sẹ̀, ibẹ̀ ni ẹjọ́ rẹ̀ wà. Ìlera Èkó, ètò adójútòfò ìlera ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, àti òfin adójútòfò ìlera ti 2022 ń sọ̀rọ̀ owó dókítà àti owó oògùn, àwọn náà sì dára. Ṣùgbọ́n ibà tó mú èèyàn ní Ajégúnlẹ̀, tó dá a dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, ta ló máa san owó ọjọ́ mẹ́rin náà? Ọ̀gá ni. Abala 16 nìkan ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí à ń rajà náà, nítorí ohun tó bá ojú ló ń bá imú. Ẹni tó ń ta ìrẹsì sínú àwo wa, tó bá ń ṣu tó sì ń bì, tó wá mọ̀ pé òun kò ní gbowó bí òun bá dúró sílé, á wá. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ l'Ékòó, ó sì gba ẹ̀mí. Gbogbo wa ń pariwo omi, à ń pariwo ilé ìyàgbẹ́, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè pé àwọn tó ń tọ́jú oúnjẹ, ta ló ń sanwó fún wọn kí wọ́n lè dúró sílé kí ara wọn yá. Nígbà kónílé-gbélé Covid, tó bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta 2020, a rí i bí ìlú ṣe pín sí méjì: àwọn tí owó oṣù ń bá nílé, àti àwọn tó jẹ́ pé bí wọn ò bá jáde, ìkòkò kò ní gorí iná. Ẹ ò lè sọ fún ẹni kejì yìí pé kó jókòó nítorí ìlera ará ìlú.

Ṣé owó náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ilé iṣẹ́ kò fi lè san án? Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin láti oṣù keje 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Bí ẹ bá pín in sí ọjọ́ iṣẹ́ 26, ojúmọ́ kan jẹ́ nǹkan bíi 2,690 náírà. Ọjọ́ méjìlá jẹ́ nǹkan bíi 32,300 náírà lọ́dún. Ilé iṣẹ́ tó ní ọgbọ̀n òṣìṣẹ́ tó ń gba irú owó yìí, bí gbogbo wọn bá ṣàìsàn ọjọ́ méjìlá pé pérépéré, tí kò ṣẹ́ ku ẹnì kan, kò ní ná tó mílíọ̀nù kan náírà lọ́dún. Gbogbo wọn kò sì ní ṣàìsàn ọjọ́ méjìlá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bójú tó ìwé owó ilé iṣẹ́ ní Àpápá, ẹ gbé iye yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó dísẹ́ẹ̀lì yín kẹ́ ẹ wò ó.

Ó dáa. Ṣé ká kọ ọjà wọn?

Ohun tuntun kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà wa. Ní 1948, ní Accra, ìjòyè kan tó ń jẹ́ Nii Kwabena Bonne kó gbogbo àwọn tó ń rajà lẹ́yìn. Ogun Hitler ti parí, ṣùgbọ́n ọjà òkèèrè kò sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó tó ń kó ọjà wọlé, UAC àtàwọn mìíràn, ti para pọ̀ di ẹgbẹ́ kan, wọ́n ń fi iye tó wù wọ́n lé ọjà. Nii Bonne kò dédé bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí wọ́n dín owó aṣọ àtàwọn ọjà mìíràn kù, ó fún wọn ní gbèdéke, ó rìn kiri láti ìlú dé ìlú, àwọn ìjòyè fọwọ́ sí i, àwọn náà ló sì ń mójú tó o kí ẹnikẹ́ni má lọ rà níkọ̀kọ̀. Nígbà tí gbèdéke pé lóṣù kìíní, ọjà dá. Ó tó oṣù kan kí àwọn ilé iṣẹ́ tó gbà láti dín èrè tí wọ́n ń jẹ lórí ọjà kù láti 75 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọjọ́ 28 oṣù kejì ni wọ́n fòpin sí i. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ọlọ́pàá yìnbọn pa mẹ́ta nínú àwọn sójà àtijọ́ tó ń wọ́de lọ bá gómìnà, ìlú dà rú, ìtàn ìbọn náà sì bo ti oníbàárà mọ́lẹ̀ títí dòní.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Accra yẹn ni mo máa ń rántí nígbà tí ẹnìkan bá ní ká lọ kọ ọjà báyìí báyìí. Ohun tí wọ́n ń béèrè hàn kedere. Wọ́n mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. Àwọn èèyàn tí ìlú ń gbọ́ràn sí lẹ́nu ló wà nídìí rẹ̀, wọ́n sì ti pinnu ohun tí wọ́n bá rí gbà tí wọ́n á fi padà sọ́jà. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, àwọn tí ìyà ọjà ọ̀wọ́n ń jẹ gan-an ló kọ ọjà.

Tiwa níbí, ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án 2003, àwọn tó ń lo fóònù alágbèéká káàkiri Nàìjíríà pa fóònù wọn fún odidi ọjọ́ kan nítorí owó ìpè tó ga jù. Ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ń ṣírò owó nígbà yẹn. Bí ẹ bá sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ẹ ó san ti ìṣẹ́jú kan. Ọjọ́ yẹn mú kí ìjọba àtàwọn ilé iṣẹ́ náà gbọ́ pé inú ń bí ará ìlú. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ohun tó ṣí wọn nídìí jù ni pé Glo ti wọ ọjà lóṣù tó ṣáájú, ó sì ń ṣírò tirẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá. Àwọn oníbàárà ní ibòmíì tí wọ́n lè lọ. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e nígbà tó yá.

Ẹ wá gbé ìyẹn wá sí Àpápá. Ta ni oníbàárà ilé iṣẹ́ tó wà lẹ́nu wáàfù? Kì í ṣe ìyá tó ń ra búrẹ́dì lẹ́bàá ọ̀nà ní Òjó Road. Àwọn tó ń tú ẹrù ní èbúté, tí ìjọba yá fáwọn ilé iṣẹ́ aládàáni láti 2006, àwọn tó ń kó ẹrù wọlé àtàwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun ni oníbàárà wọn. Ilé ìyẹ̀fun ń ta fún àwọn oníbúrẹ́dì. Kọ́ńtírákítọ̀ tó ń kó àwọn agbálẹ̀ àti ọlọ́dẹ wá, ilé báńkì àti ọ́fíìsì ni oníbàárà rẹ̀. Bí gbogbo Ajégúnlẹ̀ bá búra pé àwọn kò ní bá kọ́ńtírákítọ̀ yẹn ṣòwò mọ́, kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀, nítorí Ajégúnlẹ̀ kò fìgbà kan ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Òógùn wa nìkan ló ń tà.

Ibi tí a ti jẹ́ oníbàárà gan-an ni ilé oúnjẹ, ilé búrẹ́dì, ilé epo, ilé ìtajà ńlá. Níbẹ̀, bí ọjà bá dá, ẹ mọ ẹni tí wọ́n máa kọ́kọ́ lé. Kásúà ni. Ọmọbìnrin tí a tìtorí rẹ̀ kọ ọjà ni yóò kọ́kọ́ padà sílé, láìníṣẹ́, láìrówó. Àwa á sì ti kọjá sí ilé oúnjẹ kejì, tó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé bákan náà ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Mi ò lè fọwọ́ sí irú ìyẹn. Ẹ̀rí ọkàn mi kò gbà á pé kí n fi iṣẹ́ ẹlòmíì jà fún un láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo tún fẹ́ kí ẹ fi àwọn ìyá olóúnjẹ sílẹ̀. Ìyá tó ní búkà ní Orodu, tó ní ọmọ iṣẹ́ méjì, tí òun fúnra rẹ̀ ń jí ní aago mẹ́rin, bí ibà bá mú un, búkà á tì. Kò sẹ́ni tó ń san ọjọ́ méjìlá fún òun náà. Ó yẹ kó máa tọ́jú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, òfin kò yọ ọ́ sílẹ̀, ẹ sì lè bá a sọ̀rọ̀ bí ọmọ ṣe ń bá ìyá sọ̀rọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, àwọn oníbúkà ti ń dá àjọ. Wọ́n lè fi díẹ̀ sí i fún ìgbà àìsàn, ti ọ̀gá àti ti ọmọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kó àwọn èèyàn lọ dúró síwájú búkà pé kí wọ́n má jẹun níbẹ̀, ọ̀dọ̀ aláìní ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé ìjà lọ. Àwọn tó ní ẹ̀ka mẹ́wàá, tó ní agbẹjọ́rò, tó ń ṣe ìpolówó lórí rédíò, àwọn ni mò ń bá wí.

Ibi tí mo dúró sí nìyí. Kíkọ ọjà jẹ́ ohun ìjà òṣìṣẹ́, kì í ṣe ti oníbàárà. Bí àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan, tàbí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn, bá jáde sọ fún wa pé, "Ẹ bá wa kọ ọjà wọn di ìgbà tí wọ́n bá san ọjọ́ méjìlá," kí ẹnikẹ́ni nínú wa má lọ síbẹ̀ mọ́. Kí oníkẹ̀kẹ́ má gbé èrò lọ síbẹ̀. Ẹni tó bá lọ rà á ti ta ọmọ ìyá rẹ̀. Nígbà ìyanṣẹ́lódì ńlá ti 1945, nígbà tí Michael Imoudu àtàwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó tí kò ká ọjà ọ̀wọ́n, tí ó sì ju oṣù kan lọ, àwọn ìyálọ́jà Èkó lábẹ́ Alimọtu Pẹlẹwúrà dúró tì wọ́n. Wọn kò sọ fún òṣìṣẹ́ bó ṣe máa jà. Òṣìṣẹ́ ló jáde, ọjà sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíì máa sọ. Á ní kásúà kò ní ẹgbẹ́, ẹnu rẹ̀ kò gbà á láti sọ̀rọ̀, bí a bá ń dúró dè é pé kó pè wá, a ó dúró títí. Òótọ́ ni, ó sì ká mi lára. Òṣìṣẹ́ wáàfù ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ojú omi. Bí wọ́n bá ní àwọn á da iṣẹ́ sílẹ̀, Abújá á gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ta ní ń gbọ́ tí agbálẹ̀ bá sọ̀rọ̀?

Nítorí náà ni mo ṣe ń wo ọ̀dọ̀ àwọn tó ń rà lọ́pọ̀. Ẹni tó ń ra búrẹ́dì kan kò lè béèrè ohun púpọ̀ lọ́wọ́ ilé búrẹ́dì. Ilé ìwé tó ń ra igba búrẹ́dì lọ́sẹ̀ lè béèrè. Ṣọ́ọ̀ṣì tó ń gbé iṣẹ́ oúnjẹ ìkórè jáde, mọ́ṣáláṣí tó ń gbé ti Ràmádánì jáde, ẹgbẹ́ tó ń ṣe ayẹyẹ ọdún, ìdílé tó ń sìnkú, gbogbo wọn lè bi oníṣẹ́ oúnjẹ léèrè kí wọ́n tó san àsansílẹ̀: àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ, ṣé wọ́n ní ìwé iṣẹ́? Bí ara wọn kò bá yá, ṣé o máa ń sanwó fún wọn? Ilé báńkì tó ń gba agbálẹ̀ lọ́wọ́ kọ́ńtírákítọ̀ lè kọ ọ́ sínú àdéhùn pé owó ọjọ́ méjìlá wà nínú iye tí à ń san, kó sì ní kí wọ́n fi ìwé abala 7 han òun. Àwọn aṣojú ẹrù ní Àpápá mọ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ tírélà tó ń fi awakọ̀ tí ara rẹ̀ kò yá sójú títì. Ẹ gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíì. Èyí kì í ṣe kíkọ ọjà pẹ̀lú ariwo. Owó ńlá ló ń bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kò sì sí kásúà kankan tí ọ̀gá lè tọ́ka sí pé òun ló lọ sọ̀rọ̀ síta. Ẹ̀yin baba ìjọ, ẹ̀yin alfa, ẹ̀yin alága ẹgbẹ́ àdúgbò, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Àwọn ará wa tó wà ní London á ní lọ́dọ̀ àwọn, ìjọba ti yanjú ẹ̀. Wọn kò yanjú ẹ̀ tó bí a ṣe rò. Nígbà Covid ní 2020, owó àìsàn tí òfin gbé kalẹ̀ ní Britain jẹ́ 95.85 pọ́ùn lọ́sẹ̀, ẹni tí owó iṣẹ́ rẹ̀ kò bá sì tó 120 pọ́ùn lọ́sẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí kọ́bọ̀. Àwọn agbálẹ̀ àti àwọn tó ń tọ́jú arúgbó, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa, mọ bó ṣe rí lára. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àtàwọn aṣòfin ló bá ìjọba fa ọ̀rọ̀ náà. Àwa náà ní aṣòfin. Ẹni tó ń ṣojú Àpápá àti ẹni tó ń ṣojú Àjẹ́rọ̀mí-Ìfẹ́lódùn ní Abújá máa ń wá síbí nígbà ìbò. Ẹ bi wọ́n léèrè nípa 800 náírà yẹn. Ẹ pè é lórúkọ: Labour Act, owó ìtanràn 800 náírà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé a ti kà á.

Kí n tó lọ, ìwọ tí ara rẹ kò yá lálẹ́ yìí, tó ń ronú bóyá kó o lọ síṣẹ́ lọ́la. Bí o bá lè rìn, lọ sí ọsibítù ìjọba ní Àjẹ́rọ̀mí tàbí ní Àpápá, tàbí ibi yòówù tí dókítà tó ní ìwé àṣẹ wà. Ìwé kẹ́mísìtì kò ní tó. Sọ fún dókítà pé kó kọ ìwé ìsinmi àìsàn fún ọ, èyí tí a mọ̀ sí "excuse duty", kó kọ iye ọjọ́ sí i, kó fọwọ́ sí i, kó lu òǹtẹ̀. Fi fóònù yà á kó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ. Fi ránṣẹ́ sí súpáfáísọ̀ rẹ lọ́jọ́ náà gan-an, má ṣe jẹ́ kó di ọ̀la, kó o sì tọ́jú ohun tó bá fi dá ọ lóhùn. Bí wọ́n bá yọ owó rẹ, mú ìwé náà àti ìwé owó oṣù rẹ lọ sí Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó. Wọn kì í gba owó, wọ́n sì máa ń pe ọ̀gá wá kí wọ́n jọ sọ ọ́. Bí ẹ bá tó mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n yọ owó wọn, ẹ jọ lọ.